Ilé Kọ́ Ni Mo Rà ní Pàkátà, Ọdún Ni

Ẹnìkan tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá: "Àlàájà, mo gbọ́ pé ẹ ra ilé kan ní Pàkátà. Èló ni wọ́n gbà lọ́wọ́ yín?" Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo bú sẹ́rìn-ín. Ta ni yóò ta ilé agboolé fún mi ní Pàkátà, nínú Ìlọrin? Ọmọ Òmù-Àrán ni mí. Ilé ọkọ ló gbé mi dé Ìlọrin, ó ti tó ọgbọ̀n ọdún báyìí, bí mo bá sì tún lo ọgbọ̀n mìíràn, ìyàwó ará Òmù ni wọn óò ṣì máa pè mí. Mo tún ilé náà ṣe ni. Mo ń gba owó ilé rẹ̀ fún iye ọdún tí a jọ fẹnu kò sí. Bí ọdún bá pé, màá kó kọ́kọ́rọ́ fún àwọn tó nilé. Nítorí pé ìbéèrè yìí ti ń pọ̀ jù, ẹ jẹ́ kí n jókòó kọ ọ́ bó ṣe lọ, tòun ti owó rẹ̀, tòun ti ibi tí mo ti ṣìṣe.

Kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ti 2017. Nígbà tí mo fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, ọ̀dà àti páìpù ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní títì Taiwo. Àwọn bíríkìlà àti púlọ́ńbà ni oníbàárà mi, ẹnu wọn ni mo sì ti máa ń gbọ́ ibi tí ilé títà wà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbọ́ nípa ìdajì ilé kan lọ́nà Òkèlele. Dáwódù ilé náà fúnra rẹ̀ ló gba ₦1,300,000 lọ́wọ́ mi. Ó kọ ìwé, ó fọwọ́ sí i, èèyàn méjì jẹ́rìí. Mo ti já táìlì síbẹ̀ kí àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́rin tó ti Èkó dé. Àwọn mẹ́ta ń pariwo. Obìnrin tó ṣìkẹrin wọn ò pariwo rárá, ó kàn jókòó sórí páálí táìlì mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Tiẹ̀ nìkan lẹ rà, ẹ ò tíì ra tiwa." Òun ló sì wí òótọ́.

Ọ̀dọ̀ lọ́yà ni mo ti wá gbọ́ ohun tó yẹ kí n gbọ́ ṣáájú. Bí olórí ẹbí bá dá ilé ẹbí tà láìfi ti àwọn tó jẹ́ òpó ẹbí ṣe, wọ́n lè gba kóòtù lọ kí wọ́n sì fagi lé e. Bí àwọn yòókù bá kó ara wọn jọ tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, ìyẹn tilẹ̀ burú jù, òfin gbà pé ẹnikẹ́ni ò ta nǹkan kan. Mo bá dáwódù náà fà á títí, mo rí owó mi gbà, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ló fi san án. Ogún ẹgbẹ̀rún lónìí, àádọ́ta lẹ́yìn oúnjẹ Iléyá, ọgbọ̀n nígbà tí iṣu rẹ̀ bá ta. Nígbà tí ìkẹyìn wọlé, iye náírà ni mo gbà padà, mi ò gba agbára rẹ̀ padà.

Ilé ti Pàkátà wá yàtọ̀. Àwọn ni wọ́n wá mi wá. Oníṣòwò òfì ló kọ́ ọ, ilé alámọ̀ oníyàrá mẹ́wàá, márùn-ún lọ́tùn-ún, márùn-ún lósì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàárín, irú èyí tí a ń pè ní "face me I face you". Ìyàwó olóògbé ṣì wà láyé, Ìyá Àgbà ni gbogbo agboolé ń pè wọ́n, iwájú ilé ni yàrá wọn wà. Ìyá Àgbà sọ fún mi pé ọdún òmìnira ni wọ́n ká koríko orí ilé náà kúrò tí wọ́n fi páànù bò ó, àti pé páànù yẹn gan-an ló ṣì wà lórí rẹ̀. Mo gbójú sókè, mo gbà á gbọ́. Ojú ihò tó wà lára rẹ̀ tó fún èèyàn láti fi mọ aago tó lù.

Ọmọ méje ni olóògbé fi sílẹ̀, ọkùnrin mẹ́ta, obìnrin mẹ́rin. Ọ̀kan ń gbé Agége, ọ̀kan wà ní Kútọnu, àbígbẹ̀yìn wọn lọ́kọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sí èyí tó lówó láti tún ilé bàbá wọn ṣe, kò sì sí èyí tó fẹ́ gbọ́ pé wọ́n tà á. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ilé náà ti ya lẹ́yìn, tí wọ́n fi àkúfọ́ bulọ́ọ̀kù dí i. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ògiri tiwọn ti lanu tipẹ́, aláǹgbá ti wọlé, eku ti bímọ síbẹ̀, ikán sì ti gba férémù fèrèsé mẹ́fà.

Bàbá Mágàjí agboolé ló bá mi sọ ọ́. Wọ́n ní, "Àlàájà, ẹ ní ìsọ̀, ẹ mọ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹ bá wa tún un ṣe, kí ẹ máa gba owó ilé títí owó yín yóò fi pé."

Ó dùn létí. Irú rẹ̀ wà látijọ́, òun là ń pè ní dógò: mo yá ọ lówó, o fi oko kòkó rẹ dógò, mò ń ká kòkó títí o fi san owó mi. Mo ti fẹ́ gbà, ṣùgbọ́n mo ní kí n kọ́kọ́ bi alfa wa. Alfa ò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ jẹ rìbá nínú ìlú Ìlọrin ni? Bó bá jẹ́ pé mo yá àwọn ẹbí yẹn lówó, tí ilé dúró bí ìdógò, tí mo sì ń jẹ owó ilé, tí gbèsè mi ṣì dúró bó ṣe wà, èrè orí ẹ̀yáwó ni mò ń jẹ, gbogbo ẹ̀yáwó tó bá sì fa èrè wá fún ẹni tó yáni, rìbá ni. Wọ́n wá ní ọ̀nà tó mọ́ wà. Kí n má yá ẹnikẹ́ni lówó. Kí n háyà ilé náà lọ́wọ́ wọn fún ọdún tí a kà, kí àtúnṣe tí mo bá ṣe jẹ́ owó háyà tí mo san ṣáájú. Bí ọdún bá pé, kò sẹ́ni tó jẹ ẹnikẹ́ni. Bí mo bá jèrè, tèmi. Bí mo bá pàdánù, tèmi náà ni.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, mi ò fetí sí i dáadáa lọ́jọ́ náà.

Iṣẹ́ tó gba àkókò jù kì í ṣe ti bíríkìlà. Oṣù mẹ́rin ni mo fi wá ìbuwọ́lùwé mẹ́sàn-án: Bàbá Mágàjí, Ìyá Àgbà, ọmọ méje. Mo wọkọ̀ lọ sí Agége. Èyí tó wà ní Kútọnu dúró dìgbà tó wálé òkú. Èyí tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò jìnnà rárá, òun ló yọ mí lẹ́nu jù. Ó ní ibo ni ìyá òun yóò máa gbé bí mo bá kó ayálégbé wọlé? Ìbéèrè gidi ni, kò sì sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀ ṣáájú òun, èmi náà ò bèèrè. Torí rẹ̀ la ṣe kọ ọ́ sínú àdéhùn pé Ìyá Àgbà yóò ní fúláàtì kan lófẹ̀ẹ́ títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Fúláàtì mẹ́rin tí mo ti kà sọ́kàn di mẹ́ta bẹ́ẹ̀.

Lọ́yà ló ṣe ìwé náà, nítorí àdéhùn ilé tó bá ti ju ọdún mẹ́ta lọ, èèyàn ò gbọdọ̀ fi í mọ sórí ìwé ẹlẹ́rìí méjì lásán. Ó tún kìlọ̀ pé lábẹ́ Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978, ẹni tó ti kọ́lé sí ìlú kí òfin náà tó dé, òfin kà á sí ẹni tí gómìnà fún nílẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ gbé e fún ẹlòmíràn, àfi kó gba àṣẹ gómìnà. Owó ìwé kéré sí owó ẹjọ́. Mo mọ èyí láti Òkèlele.

Ọdún 12 la kọ. Mo tún ní màá máa fún ẹbí ní ₦160,000 lọ́dọọdún kí ojú wọn má baà máa wo fèrèsé nìkan. Pípín owó yìí ló mú kí Bàbá Mágàjí bẹ̀rẹ̀ sí í gba tèmi. Alfa pín in lójú gbogbo wa bí ogún ṣe ń pín: wọ́n ka ilé sí ọ̀nà 80. Ìyàwó gba ìdá kan nínú mẹ́jọ, ìyẹn 10. Àádọ́rin tó kù, ọkùnrin kan gba ti obìnrin méjì, nítorí náà ọkùnrin kọ̀ọ̀kan ní 14, obìnrin kọ̀ọ̀kan ní 7. Bí ọ̀nà kan bá jẹ́ ₦2,000, Ìyá Àgbà gba ₦20,000, ọkùnrin ₦28,000, obìnrin ₦14,000. Èmi ni mò ń fi í ránṣẹ́ sí àkáǹtì olúkúlùkù, mi ò kó o fún ẹnì kan kó pín in. Ẹ gbà mí gbọ́, ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Obìnrin Agége sọ pé láti ìgbà tí bàbá àwọn ti kú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí nǹkan kan láti ilé náà yóò kan òun lọ́wọ́.

Ó wá ku owó. Mo ṣírò rẹ̀ ní ìparí 2023, ó jẹ́ ₦5,200,000. Ilé ìfowópamọ́ ò tiẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Báńkì Àpapọ̀ gbé ojú èlé rẹ̀ dé 22.75 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kejì 2024, kí ọdún tó parí ó ti di 27.50, ẹ sì mọ̀ pé orí ìyẹn ni àwọn báńkì tó kù ti ń bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Yàtọ̀ sí pé alfa ti lé mi kúrò nídìí èlé, ilé wo ni èèyàn fi ń san irú rẹ̀? Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, wọ́n máa ń yọ 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù wa fún owó ilé gbígbé, báńkì ìjọba tó ń ṣe ètò náà sì ń yáni ní èlé 6 péré. Mo ro ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n wọ́n á bèèrè ìwé ilé, C of O tí gómìnà ń fọwọ́ sí, tàbí nǹkan tó jọ ọ́. Ìwé wo ni ilé alámọ̀ Pàkátà ní? Ẹ̀rí rẹ̀ ni sàréè bàbá tó kọ́ ọ, tó wà lẹ́yìnkùlé.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo gbé e gbà. ₦2,200,000 jẹ́ tèmi, owó tí mo ti ń tọ́jú. ₦1,200,000 jẹ́ ti àbúrò mi tó wà ní Ọ̀ffà. A jọ kọ ọ́ pé àjọṣe ni, yóò gba ìdá kan nínú mẹ́rin èrè, bí a bá sì pàdánù, kálukú yóò gbé e níwọ̀n owó tó mú wá. Ìyókù, ₦1,800,000, òrùlé ni, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ló sì gbà á. Wọn kì í yáni lówó sọ́wọ́ fún irú èyí. Wọ́n bá mi ra igi, páànù àti ìṣó, wọ́n wá tà á fún mi ní ₦1,980,000, kí n máa san ₦110,000 lóṣù fún oṣù 18. Mo mọ iye tí wọ́n rà á, mo mọ iye tí wọ́n lé e, kò sì lè lé sí i, ì báà jẹ́ pé mo pẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá kí n tó san. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa sùn.

Ètò ilé náà ni mo fẹ́ràn jù láti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ẹ bá mi fara dà á. Yàrá márùn-ún ló wà lápá kọ̀ọ̀kan. Mo so yàrá kìn-ín-ní mọ́ ìkejì, ó di pálọ̀ àti yàrá. Mo so ìkẹrin mọ́ ìkarùn-ún, bákan náà. Ìkẹta tó wà láàárín, tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 lórí 12, mo fi ògiri bulọ́ọ̀kù là á sí méjì lóòró, ìdajì fún fúláàtì iwájú, ìdajì fún ti ẹ̀yìn. Ìdajì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 5 lórí 12. Mo tún gé e, balùwẹ̀ 5 lórí 6, ilé ìdáná 5 lórí 6. Gbogbo omi ilé náà ti wà ní àárín, páìpù kan ṣoṣo ló jáde sẹ́yìn lápá kọ̀ọ̀kan. Àwọn púlọ́ńbà máa ń fẹ́ kí páìpù rìn káàkiri ilé. Ẹni tó ń ta páìpù ni mí, mo mọ ìdí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n omi àti amọ̀ kì í ṣọ̀rẹ́. Ògiri alámọ̀ tó nípọn ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ yìí, ọgọ́ta ọdún kò lè mú un bí ó bá ń gbẹ, ilé a sì tutù nínú ẹ̀ẹ̀rùn ju ilé bulọ́ọ̀kù lọ. Bí omi bá ń yọ́ wọ inú rẹ̀, ọdún méjì ti tó o. Nítorí náà yàrá àárín méjèèjì la wó pátápátá tí a fi bulọ́ọ̀kù oníínṣì mẹ́sàn-án tún un mọ láti ìpìlẹ̀. Ìyókù, a fi í sílẹ̀. A yọ sìmẹ́ńtì àtijọ́ tó ń bó lára ògiri, a kan wáyà adìẹ mọ́ amọ̀ káàkiri kí a tó rẹ́ ẹ lákọ̀tun, nítorí sìmẹ́ńtì tí kò rí nǹkan dì mú lára amọ̀, bí èèpo ẹ̀pà ni yóò ṣe ṣí kúrò. Bí a ṣe tú òrùlé, a rí ìtì igi méjì tí ikán ò fọwọ́ kàn. Igi agbọn olódù ni, kápẹ́ńtà gbá a ní òòlù, ó dún bí irin. A dá wọn padà sókè. Igi tuntun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, solignum, oògùn ikán, la fi wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ibi tí ilé náà ti fẹ́ pa wá ni ẹsẹ̀ ògiri. Òjò tó ń ta sílẹ̀ láti etí páànù ti jẹ ìsàlẹ̀ ògiri ẹ̀yìn wọlé, o lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgbúnwọ́. Bí wọ́n ṣe ń tún irú rẹ̀ ṣe ni pé kí a gbẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta péré, kí a kó káńkéré àti bulọ́ọ̀kù sí i, kí ó gan, kí a fo ẹsẹ̀ mẹ́ta, kí a tún gbẹ́ mẹ́ta mìíràn. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti gan, a ó padà sí àwọn tí a fò. Bó ti ń lọ nìyẹn títí di ìparí oṣù kìíní 2024.

Oṣù kejì ni sìmẹ́ńtì fò. Àpò tí mo ṣírò ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún ó lé díẹ̀ kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀yin tó ń kọ́lé lásìkò yẹn ò nílò ìtàn. Mo dúró. Mo ní kí a dúró, bóyá yóò wálẹ̀. Òun ni àṣìṣe mi, mi ò lè fi í lé ẹlòmíràn lórí. Àmọ́ ọ̀gá bíríkìlà náà ní tirẹ̀: kí n tó sọ pé kí a dúró, ó ti gbẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 lẹ́ẹ̀kan náà kí iṣẹ́ baà lè yá, kò sì sọ fún mi. Ó fi igi mẹ́rin tì í, ó lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. A ti tú òrùlé kúrò nígbà yẹn. A fi tapólì bo orí ògiri.

Òjò àkọ́rọ̀ wá ní òru ọjọ́ kan ní ìparí oṣù kẹta. Ìjì ló kọ́kọ́ dé, ó ká tapólì bí ẹni ká ẹní. Ní aago mẹ́fà ìdájí ni ọmọ Bàbá Mágàjí pè mí. Nígbà tí mo débẹ̀, ògiri ẹ̀yìn ti jókòó. Kò wó síta, kò wó sínú, ó jókòó ni, bí àgbà tí ẹsẹ̀ ro. Yàrá méjì ti di òkìtì amọ̀ pupa tí omi ń ṣàn láti inú rẹ̀. Nǹkan tí mo kọ́kọ́ bèèrè ni Ìyá Àgbà. Wọ́n jókòó sábẹ́ ìloro agboolé, wọ́n da aṣọ òtútù bora, wọ́n ń tẹ tẹ̀sùbáà. A ti kó wọn lọ sílé Mágàjí láti ìgbà tí a ti tú òrùlé, Alihamdu lilahi. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìyàwó ará Òmù, ògiri yẹn dúró de ọkọ mi fún ọgọ́ta ọdún, kò lè dúró de sìmẹ́ńtì rẹ fún oṣù kan." Ẹkún ń bọ̀, ẹ̀rín ló jáde.

Mo ti wá mọ̀ pé ilé tí a ti tú sílẹ̀ kì í dúró de ọjà. Bí owó tó wà lọ́wọ́ ò bá lè gbé iṣẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tí òjò ò ti lè bà á jẹ́ mọ́, kí èèyàn má ti òòlù bọ̀ ọ́. Kó kó sìmẹ́ńtì ẹsẹ̀ ògiri àti páànù jọ ná, kó tó yọ ìṣó kan. Ẹ̀ẹ̀rùn Ìlọrin gùn tó fún iṣẹ́ yìí, láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta. Èmi ni mo fi oṣù méjì rẹ̀ ṣòfò.

Ìyókù iṣẹ́ náà kò ní ìtàn púpọ̀. Mo pààrọ̀ bíríkìlà. Páànù gígùn aláàlùmí tó nípọn 0.45 mìlímítà la lò, mo sì fi ẹ̀rọ kékeré wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí nínú ọjà yìí, orúkọ lásán ni 0.55 tí àwọn mìíràn ń tà. Mi ò ṣe àjà POP. Ìyàwó àbúrò mi ní ilé ò ní "pọ́n", mo ní kó pọ́n tirẹ̀. Fúláàtì kọ̀ọ̀kan ní mítà aláṣansílẹ̀ tirẹ̀, kí ìjà iná má baà wáyé. Ihò ìgbẹ́ ni kò jẹ́ kí n yára parí, nítorí kànga agboolé kò ju ìṣísẹ̀ 15 lọ sí ṣáláńgá àtijọ́. Àwọn wolé-wolé máa ń sọ pé ó kéré tán kó jẹ́ mítà 30. Agboolé wo ló ní mítà 30 ní Pàkátà? A dí ṣáláńgá náà pa, a gbẹ́ tuntun sí ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, níbi tó jìnnà jù tí ilẹ̀ gbà wá dé, a fi káńkéré ká ihò àkọ́kọ́ rẹ̀ pátá kó má baà jò. Mo ṣì ní kí wọ́n máa se omi kànga yẹn kí wọ́n tó mu ún.

Gbogbo rẹ̀ parí sí ₦7,150,000. Àfikún ₦1,950,000 yẹn, inú ìsọ̀ ló ti jáde. Fún oṣù mẹ́fà, bí o bá wọ ìsọ̀ mi bèèrè ọ̀dà funfun, màá ní kí o padà wá lọ́la.

Ẹ wá bá mi ṣírò. Fúláàtì mẹ́ta, ₦300,000 lọ́dún, ₦900,000 nìyẹn. Yọ ₦160,000 ti ẹbí, yọ ₦90,000 tí mò ń yà sọ́tọ̀ fún àtúnṣe. Ó ku ₦650,000. Bó bá jẹ́ ₦5,200,000 tí mo kọ́kọ́ ṣírò ni, ọdún mẹ́jọ ni owó ì bá pé, mo wá ní ọdún mẹ́rin èrè nínú 12. Pẹ̀lú ₦7,150,000, ọdún 11 ni. Ọdún kan péré ló kù fún èmi àti àbúrò mi. Owó ilé yóò lọ sókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó àtúnṣe náà kò ní dúró sílẹ̀. Àbúrò mi pè mí láti Ọ̀ffà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé sàdákà la ṣe ni?" Mo ní kó máa fi adùrá tì í.

Ẹnu ń yún mi láti dá ẹbí náà lẹ́bi, ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ṣe? Mo ti fọwọ́ sí i pé bí mo bá pàdánù, tèmi ni. Ohun tó yẹ kí n kọ sínú ìwé ni pé bí owó sìmẹ́ńtì àti páànù bá kọjá iye báyìí kí iṣẹ́ tó parí, ọdún yóò lé sí i níwọ̀n báyìí. Lọ́yà ò rán mi létí, òun kì í ra sìmẹ́ńtì. Ẹ kọ ọ́ sínú tiyín. Kí ẹ sì má gba ilé kankan tí owó yín ò ní padà láàárín ìdá méjì nínú mẹ́ta ọdún tí wọ́n fún yín. Bí wọ́n bá fún yín ní 12, kí owó yín ti pé ní ọdún kẹjọ lórí ìwé, nítorí orí ilẹ̀ kì í bá orí ìwé dọ́gba.

Mo mú rìsíìtì gbogbo lọ bá Bàbá Mágàjí, mo tò ó sórí ẹní. Mi ò bẹ̀bẹ̀ owó, ọdún ni mo bẹ̀. Wọ́n pe àpérò ẹbí. Àwọn ọkùnrin ní ọ̀rọ̀ ti parí, ìwé ti jáde. Ìyá Àgbà ló yí i padà. Wọ́n ní àwọn ò tíì ní balùwẹ̀ tó ń ti inú yàrá jáde rí láyé àwọn, pé nísinsìnyí bí òru bá gbọ̀n wọ́n jí, ìṣísẹ̀ mẹ́fà péré ni, tí àwọn ò ní máa wá tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní kí wọ́n fún mi lọ́dún méjì. Èmi náà gbà láti fi páànù tó ṣẹ́kù bo fáráńdà mọ́ṣáláṣí agboolé, a sì ti ṣe ìyẹn.

Ìwé àfikún ọdún méjì náà wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìbuwọ́lùwé mẹ́jọ ló ti wà lórí rẹ̀. Èyí tó kù ni ti Ògbómọ̀ṣọ́. Mo pè é lánàá, ó ní òun ò kọ̀, ṣùgbọ́n òun ò ní fọwọ́ sí nǹkan kan lórí fóònù. Ó ń bọ̀ lẹ́yìn Iléyá, yóò sun ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ nínú fúláàtì náà, yóò fi ojú ara rẹ̀ rí balùwẹ̀ yẹn. Mo ti rán púlọ́ńbà lọ wo fáwẹ́ẹ̀tì tó ń kán.